“Ó Di Túsìdeè”: Iṣẹ́, Àṣẹ àti Ìbàlẹ̀ Ọkàn

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Kí ló dé tí iṣẹ́ tó tura lójú ń sọ ẹnì kan di aláìsàn, tí iṣẹ́ tó le koko kò sì rí ẹlòmíì gbé ṣe? Inú ẹbí mi ni ìbéèrè yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan nílùú Abẹ́òkúta níbí. Abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ló ń jókòó sí, aṣọ rẹ̀ mọ́, owó oṣù rẹ̀ kì í pẹ́. Òun náà ló wá di ẹni tí kò lè sùn mọ́. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè bá ti ń ṣú, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Orí á máa fọ́ ọ, oúnjẹ kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun. Nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù, ó ga ju ohun tó yẹ kí a rí lára ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún.

Dókítà ní kó lọ sinmi. Ohun tí gbogbo ilé náà ń sọ nìyẹn: “Sinmi, iṣẹ́ ti pọ̀ jù.” Ó gba ìsinmi lóòótọ́, ó sùn, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọ̀la kó padà sẹ́nu iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ tún padà dé, àfi bíi pé kò sinmi rárá. Bó bá jẹ́ pé pípọ̀ iṣẹ́ nìkan ló fa àárẹ̀ yìí, ṣé kò yẹ kí oorun ti wò ó sàn ni?

Ní ìdí àbẹ́là

Nígbà ìsinmi yẹn la jọ lọ kí àbúrò ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ. Ìyá Ìtòkú ni gbogbo ẹbí ń pè é, torí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ nílùú Abẹ́òkúta, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe, torí àwa tí à ń ra àdìrẹ wọ òde kì í sábà rí ìdí rẹ̀. Á ki fóòmù tí wọ́n ti gé bátànì sí bọ inú àbẹ́là tó ń hó lórí iná, á gbọn èyí tó pọ̀ jù dànù, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Á tún kì í bọ̀ ọ́, á tún tẹ̀ ẹ́, kí bátànì má yẹ̀ lórí ìlà, títí yóò fi tẹ aṣọ náà délẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn ni èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú. Lẹ́yìn èyí ló kan aró tí wọ́n fi kọ́sítíìkì sódà pò, èyí tó ń jó ọwọ́ ẹni tí kò bá wọ ìbọ̀wọ́. Aṣọ á wọ inú aró, á jáde, wọ́n á tẹ́ ẹ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè yọ. Wọ́n á wá sè é nínú omi gbígbóná kí àbẹ́là lè kúrò lára rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi sítáàṣì sí i, wọ́n á sá a. Ìyá Ìtòkú ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìdúró àti ìbẹ̀rẹ̀ ló fi ń ṣe gbogbo èyí, láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi rẹlẹ̀.

Orí bẹ́ǹṣì la wà nígbà tí oníbàárà kan dé. Ìyá gbajúmọ̀ kan ni, ọkọ̀ rẹ̀ ń dúró dè é lójú títì. Aṣọ ẹbí ló fẹ́ ṣe, ó pọ̀ gan-an, ó sì fẹ́ kó jáde lọ́jọ́ Fúráìdeè. Ìyá Ìtòkú gbójú sókè wo ojú ọ̀run. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Kò lè ṣeé ṣe ní Fúráìdeè. Òjò ń ṣú lójoojúmọ́, aṣọ kò ní gbẹ bó ṣe yẹ. Ó di Túsìdeè.”

Oníbàárà ní òun á fowó kún un. Ìyá Ìtòkú rẹ́rìn-ín, ó ní owó kọ́ ló ń mú oòrùn ràn. Ó ní tó bá jẹ́ pé Fúráìdeè ni dandan, kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe ìdajì, kó sì jẹ́ bátànì tí kò le, òun á pe ìyàwó ojúlé kejì kó wá ran òun lọ́wọ́. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà lọ fa á bọ̀, wọ́n fẹnu kò sí Túsìdeè. Oníbàárà san àsansílẹ̀, ó kí wa pé ó dàbọ̀. Ìyá Ìtòkú padà sídìí àbẹ́là rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí mo máa yíjú, mo rí i pé àbúrò mi ti tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n ní kò lè ṣeé ṣe.” Mo ní kí ló wá wà níbẹ̀? Ó ní, “Láti ìgbà tí mo ti wọ báńkì yẹn, n ò sọ ọ́ rí fún ẹnikẹ́ni pé ó di Túsìdeè.”

Ìgbà náà ló tó tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wa. Láti òkè ni tágẹ́ẹ̀tì ti ń wá, ìyẹn iye owó tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fa wọlé. Kò sẹ́ni tó bi àwọn tó wà ní Abẹ́òkúta bóyá iye yẹn ṣeé rí ní ìlú tí púpọ̀ nínú oníbàárà wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò kéékèèké. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n á ka orúkọ àwọn tí kò lé iye náà bá sétí gbogbo ènìyàn. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, òun ni oníbàárà ń bú, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí nẹ́tíwọ̀kì. Bí wọ́n bá yọ owó tí kò yé oníbàárà lórí àkáǹtì, òun ni wọ́n ń pariwo mọ́, òun kọ́ ló ṣòfin rẹ̀, kò sì láṣẹ láti dá kọ́bọ̀ kan padà. Alẹ́ á lẹ́, ọ̀gá á tún fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé èló ló wọlé lónìí. Ìyá Ìtòkú gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó mi orí, ó ní, “Ọmọ mi, ta ló wá ń bá ọ pín in?” Àbúrò mi kò dáhùn.

Ẹrù àti àṣẹ

Ọ̀rọ̀ ẹnu àbúrò mi yẹn ló là mí lójú sí ohun tí àwọn onímọ̀ ti ń sọ tipẹ́. Ní 1979, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Robert Karasek, gbé àlàyé kan jáde lórí ohun tó rí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà àti ní Sweden. Ó ní ohun méjì ni kí á máa wò nínú iṣẹ́, kí á má sì pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni ohun tí iṣẹ́ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni: bó ṣe pọ̀ tó, bó ṣe ń kánjú tó, bó ṣe takora tó. Èkejì ni àṣẹ tí ẹni náà ní lórí bí yóò ṣe ṣe é: ṣé ó lè yan èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe, ṣé ó lè lo òye rẹ̀, ṣé ó lè ní kí wọ́n dúró. Ibi tí ìbéèrè ti pọ̀ tí àṣẹ sì kéré ni ìdààmú ọkàn ti ń pọ̀ jù. Ibi tí méjèèjì bá ti pọ̀, iṣẹ́ náà lè rẹ ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn á máa kọ́ nǹkan tuntun níbẹ̀, á sì máa dàgbà sí i.

Nígbà tí mo rí èyí, ó yé mi pé iṣẹ́ Ìyá Ìtòkú àti ti àbúrò mi lè jọ pọ̀ bákan náà lórí ìwọ̀n, kí wọ́n má sì jọra rárá nínú ara àwọn tó ń ṣe é. Ìyá Ìtòkú ló ń dá ọjọ́ fún oníbàárà. Òun ló ń yan bátànì, òun ló mọ ìgbà tí aró ti tó. Bí aṣọ bá bàjẹ́, ó mọ ibi tó ti bàjẹ́, ó sì mọ bí yóò ṣe ṣe é lọ́jọ́ mìíràn. Nǹkan tí àbúrò mi ń ru, ẹlòmíì ló dì í, ẹlòmíì ló sọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, òun ni wọ́n sì máa bi tó bá já bọ́.

A máa ń rò níbí pé àwọn ọ̀gá ni másùnmáwo ń pa, nítorí àwọn ló ń ronú lórí nǹkan ńlá. Ìwádìí kan wà tó yí èrò yẹn padà. Láti 1985 ni Michael Marmot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tọ́pa ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní London, àwọn 10,308, láti orí òjíṣẹ́ títí dé orí ọ̀gá àgbà. Inú ọ́fíìsì ni gbogbo wọn wà, owó oṣù ń wọlé fún wọn, kò sí ẹni tó ń ru yanrìn nínú wọn. Síbẹ̀, bí ipò ènìyàn bá ṣe relẹ̀ tó ni àìsàn ọkàn ṣe ń pọ̀ sí i lára wọn. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, ọ̀kan lára ohun tó hàn gbangba nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 ni pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò ní àṣẹ lórí iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ti bá iṣẹ́ dé Òkè-Mọ́sàn, ibùjókòó ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, rí á mọ irú akọ̀wé tí mò ń sọ: ẹni tó mọ ìdí fáìlì ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, tí kò sì láṣẹ láti fọwọ́ sí ewé kan nínú rẹ̀.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ka iye wákàtí sí o. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ sọ pé ewu àrùn rọpá-rọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, tí wọ́n bá fi wé ẹni tó ń ṣe 35 sí 40. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ní 2016 nìkan, iṣẹ́ àṣejù yìí fa ikú tó tó 745,000 káàkiri ayé nípasẹ̀ rọpá-rọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn. Ẹni tó bá wọlé ní aago méje àárọ̀ tó jáde ní aago méje alẹ́, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdeè, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 60. Àbúrò mi wà nínú wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé a lè dín wákàtí kù, kí a sì fi ohun tó ń jẹ ọkàn náà sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ìsinmi rẹ̀ lágbára.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí

Ìbéèrè tí Ìyá Ìtòkú bi í ló tún gbé mi lọ síwájú. Ní 1988, Jeffrey Johnson àti Ellen Hall fi nǹkan kẹta kún ohun tí Karasek sọ: àwọn tó wà láyìíká ẹni lẹ́nu iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tí ẹrù pọ̀ lórí rẹ̀, tí kò láṣẹ, tí kò tún rẹ́ni fara tì, òun ló wà nínú ewu jù. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ní Ìtòkú, ìyàwó ojúlé kejì lè wá bá ọ bu àbẹ́là, kí ìwọ náà lọ bá a sá aṣọ lọ́la. Ní báńkì tí mò ń sọ yìí, oníbàárà kan náà ni gbogbo wọn jọ ń lé. Bí ẹnì kan bá gbọ́ pé oníṣòwò kan fẹ́ ṣí àkáǹtì, kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó jókòó tì í. Àwọn tó yẹ kí wọ́n jọ gbé e ni wọ́n fi ń du ara wọn. Ó dùn mí púpọ̀ nígbà tó sọ pé òun àti ọ̀rẹ́ òun kan níbẹ̀ kì í jẹun ọ̀sán pọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń ní kí gbogbo ọmọ báńkì lọ máa pa láró. Ìyá Ìtòkú kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Bí ó bá dùbúlẹ̀ àìsàn, kò sẹ́ni tí yóò sanwó oṣù fún un. Ohun tó ń gbé oorun lọ lójú tirẹ̀ ni aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun bí àdìrẹ, tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú nítòsí ibi tó ń ta tirẹ̀ sí. Jẹ́ kí òye ẹni pọ̀, kí àṣẹ ẹni sì pọ̀, bí èrè kò bá tó òógùn, ọkàn á gbọgbẹ́. Onímọ̀ kan tó ṣiṣẹ́ ní Jámánì, Johannes Siegrist, kọ nípa irú ìyà yẹn ní 1996: kí ènìyàn fi púpọ̀ sílẹ̀, kí ohun tó padà wá bá a kéré, bóyá owó ni, bóyá ọ̀wọ̀ ni, bóyá ìdánilójú pé iṣẹ́ á wà lọ́la. Àbúrò mi gan-an, òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni. Wọ́n lè ní kó má wá mọ́ nígbàkigbà.

Ìlú tó fi iṣẹ́ ṣe ìtọ́jú

Ohun kan wà nínú ìtàn ìlú yìí tí mo rò pé ó yẹ kó máa wà lẹ́nu wa ju bó ṣe wà lọ. Ní 1954, nígbà tí wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Àrò parí, Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, fi àwọn aláìsàn sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká. Ìbátan aláìsàn á bá a wá, wọ́n á jọ máa gbé. Aláìsàn á wá gba ìtọ́jú, á padà sí abúlé, á bá wọn lọ sóko, á bá wọn ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Gbogbo ayé ló wá wo ohun tí wọ́n ṣe ní Àrò, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà.

Ẹ gbọ́ o: ní ìlú kan náà tí iṣẹ́ ti ń gbé oorun lọ lójú àbúrò mi, wọ́n ti fi iṣẹ́ ṣe ara ìtọ́jú rí. Bí mo ṣe rò ó sí ni pé iṣẹ́ oko yẹn ní ohun tí iṣẹ́ àbúrò mi kò ní. Ènìyàn wà nítòsí. Ìwọ̀n agbára ẹni ni wọ́n fi ń ṣe é. Ebè tí o kọ wà níwájú rẹ, o lè fojú rí i. Kò sẹ́ni tó ń ka orúkọ ẹni lójú agbo láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ó sì dùn mí pé orúkọ Àrò yìí kan náà ni a sọ di èébú. Nígbà tí a sọ fún àbúrò mi pé kó lọ rí àwọn tó mọ̀ nípa ìlera ọkàn, ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, “Bí ẹnì kan bá rí mi lẹ́nu géètì ńkọ́? Wọ́n á ní orí mi ti yí.” Ó fara mọ́ ọn nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ jìyà lásán kó tó lọ. Bẹ́ẹ̀, ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé irú kí iṣẹ́ tán ènìyàn lókun báyìí jẹ́ ohun tó ń ti ibi iṣẹ́ wá, nígbà tí wọn kò bá bójú tó másùnmáwo ibẹ̀. Wọn kò pè é ní àìsàn, wọn kò sì pè é ní ọ̀lẹ. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ní kí á lọ wò.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá

Òfin Òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa kò dá iye wákàtí kan pàtó. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ fẹnu kò, tàbí kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wọn ṣe àdéhùn. Ó tún ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán wákàtí kan sinmi láàárín rẹ̀. Ó dára lórí ìwé. Ta ni òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì tó lè jókòó bá báńkì dúnàádúrà wákàtí? Ní ti ìdójútì ojú agbo, ní oṣù kọkànlá 2022 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn nọ́ńbà 190, èyí tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe ní 2019 lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó ń pa ọkàn lára wà nínú ohun tí àdéhùn náà kà léèwọ̀. N kò rò pé ọ̀gá kan tó ń ka orúkọ láàárọ̀ Mọ́ńdè mọ̀ pé ó wà.

Mò ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ lábẹ́ yín. Kì í ṣe ẹni tí yóò wá sọ̀rọ̀ ìwúrí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n nílò, kì í sì í ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí. Ẹ bi wọ́n bóyá iye tí ẹ fẹ́ dá fún wọn ṣeé ṣe kí ẹ tó dá a. Ẹ fún ẹni tó wà níwájú oníbàárà ní àṣẹ díẹ̀ láti yanjú ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ jẹ́ kí alẹ́ jẹ́ alẹ́.

Àbúrò mi àti àwọn kan nínú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá máníjà wọn. Máníjà ní òun kò lè fọwọ́ kan tágẹ́ẹ̀tì, torí òun náà ń gba tòun láti òkè, orúkọ òun náà sì ń jẹ́ kíkà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ó gbà pé kí kíka orúkọ ní Mọ́ńdè dúró. Ó tún gbà kí wọ́n pín ìlú láàárín ara wọn, kí ẹnì kan mú Kútọ̀, kí ẹnì kan mú Láfẹ́nwá, kí ẹnì kan mú Pánṣẹ́kẹ́, kí oníkálukú yan ọjọ́ tí yóò jáde àti ọjọ́ tí yóò jókòó. Àbúrò mi ló mú Ìtòkú. Ó ti ń sùn díẹ̀díẹ̀, ó ṣì ń lo oògùn ìfúnpá, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti padà ń jẹun ọ̀sán pọ̀. Tágẹ́ẹ̀tì kò tíì yí padà. Wọ́n ti jọ kọ lẹ́tà sí olú iléeṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sọ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó dá iye oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i, máníjà náà sì wà nínú wọn.